Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní kí a kọ ìtàn ìgbésí-ayé ènìyàn pàtàkì kan tí ó ti di olóògbé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ rò pé míṣọ́nnárì ni a óò mú, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ìhìnrere dé Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí kò kéré lójú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé wa lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, òun ni ó sì mú kí a yan ọmọ Ẹ̀gbá kan tí orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Ẹ̀yin òbí mọ bí ó ti máa ń rí. Ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì dé, ìdílé dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ta iṣu àti àgbàdo, ìyá mú owó àjọ rẹ̀ wá, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì pé. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọmọ wọ ọkọ̀, ó gba Ìsẹ́yìn kọjá sí Ìbàdàn. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́, ó sọ iye tí yóò san, ó sì sọ ọjọ́ tí yóò forúkọ sílẹ̀. Ibi tí ọmọ náà yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni kò sọ. Ìgbà kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kì í wá yàrá kiri, nítorí pé yàrá rẹ̀ ń dúró dè é nínú ọgbà. Lónìí, ní àwọn yunifásítì ìjọba, àwọn tí ń wọlé pọ̀ ju ibùsùn lọ. A mọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ibi tí ó lọ, tí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ẹní láàárín ibùsùn méjì nínú yàrá àwọn tí kò mọ̀ rí. A máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí alábòójútó má baà ká a mọ́ ibẹ̀, oorun a sì máa gbé e lọ nínú kíláàsì ní ọ̀sán. Nígbà tí sáà àkọ́kọ́ parí, ó padà wálé, kò sì lọ mọ́. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, òun sì wà lára àwọn tí ó mú ipò iwájú nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀. Òun ni a ń rò lọ́kàn bí a ti ń kọ ìtàn Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1886. Felix ni orúkọ Òyìnbó tí ó ń jẹ́ ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì ṣe díẹ̀ kí ó tó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú. Ìwé kíkà àti ẹ̀sìn Kristẹni ti fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà, kò sí yunifásítì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé gíga ní láti kọrí sí ilẹ̀ Sàró, sí Fourah Bay College ní Freetown, tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá sílẹ̀ ní ọdún 1827, tí ó sì ti so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1876. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti kàwé ṣáájú, ibẹ̀ náà ni Ṣólàńkẹ́ lọ. Nígbà tí ó fi máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó ti tó ọmọ ọdún márùndínlógójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa tí ń sọ pé ọjọ́ orí àwọn ti kọjá ti yunifásítì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà yìí kà.

University College London ni ó wọ̀, ní òpópónà Gower. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1826, òun sì ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún akẹ́kọ̀ọ́ láìbéèrè ẹ̀sìn tí ó ń ṣe. Ó jẹ́ apá kan nínú Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, yunifásítì tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gba inú ọgbà kan: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fọ́n káàkiri ìlú ni ó para pọ̀ di ọ̀kan. Ní irú ibẹ̀, olùkọ́ a wọlé, a kọ́ni, a sì jáde. Kò mọ orúkọ ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn, kò sì ní í béèrè bí ẹni náà bá jẹun. Tí ilẹ̀ bá ṣú, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Ọmọ Òyìnbó ń lọ sí ilé bàbá rẹ̀, tàbí sí ilé onílé tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá. Adúláwọ̀ ni ọ̀ràn ibùgbé há mọ́ lọ́wọ́. Yóò rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé pé yàrá wà. Yóò kan ilẹ̀kùn. Ìyá onílé yóò wo ojú rẹ̀, yóò sì ní ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá náà tán. Ní ọjọ́ kejì, ìwé náà ṣì wà lójú fèrèsé. Àwọn tí ó bá gbà á, owó tí wọ́n ń bù lé e máa ń ju ti ẹlòmíràn lọ nígbà púpọ̀.

Àwa tí a ti ilẹ̀ ọ̀dàn wá mọ ọyẹ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kọ́ ni òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Nínú yàrá tí a háyà, owó ẹyọ ni a ń sọ sínú ẹ̀rọ kí iná tó tàn, bí owó bá sì tán, iná kú nìyẹn. Owó láti ilé, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá láti Èkó sí Liverpool, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹni tí yóò fi í ránṣẹ́ bá tètè rí i. Ìyà owó jẹ Ṣólàńkẹ́ gidigidi ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Ohun tí ó fi ń gbọ́ bùkátà ni èdè abínibí rẹ̀: ó ń kọ́ àwọn Òyìnbó tí ó fẹ́ gbọ́ Yorùbá, wọ́n ń sanwó fún un, òun náà ń fi owó náà kàwé. Ó tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti fi ìgbà kan rí ka sísọ Yorùbá nínú ọgbà sí ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èyí, àwa tí wọ́n ti nà nítorí rẹ̀ sì lè rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley láti fi gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn han aráyé. Wọ́n pàtẹ ọjà Nàìjíríà, wọ́n sì mú àwọn ènìyàn wá láti ilẹ̀ wa kí èrò lè máa wò wọ́n. Nínú ìròyìn rẹ̀ lórí ìpàtẹ náà, ìwé ìròyìn Evening News kọ ọ́ pé jíjẹ ẹran ènìyàn àti oògùn burúkú ṣì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà títí di ẹnu àìpẹ́ yìí. Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí ó ra ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì mọ̀ pé ìyá onílé òun yóò kà á, àwọn tí ó ń jókòó tì í ní kíláàsì náà yóò sì kà á. Ṣólàńkẹ́ kọ lẹ́tà tí ó fi tako ọ̀rọ̀ náà, ìwé ìròyìn West Africa sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lẹ́tà yẹn ni ó yí ìgbésí-ayé rẹ̀ padà. Amy Ashwood Garvey, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó ti jẹ́ aya àkọ́fẹ́ Marcus Garvey, wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ó ka lẹ́tà náà, ó sì wá ẹni tí ó kọ ọ́ rí. Ní oṣù Keje ọdún 1924, òun àti Ṣólàńkẹ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá láti Nàìjíríà dá Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Nàìjíríà sílẹ̀, kí ó lè máa gbọ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi obìnrin náà jẹ Ìyálóde, oyè tí Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ ní Abẹ́òkúta ní ayé àtijọ́. Ó dùn mọ́ wa pé nígbà tí àwọn ọmọ tí kò ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wọn dúró, inú àpò oyè ilé ni wọ́n ti mú ọpẹ́ náà.

Oṣù kan ṣáájú èyí ni Ṣólàńkẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, ní èdè Yorùbá. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ èdè wa lórí ẹ̀rọ náà. BBC kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ku ọdún mọ́kànlá kí asọ̀rọ̀mágbèsì tó dé Èkó ní ọdún 1935. Ní àkókò yìí ni ó bọ́ orúkọ Felix sílẹ̀, tí ó ń kọ Ládiípọ̀, tí ó sì ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ jáde ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnìkan lè sọ pé aṣọ àti orúkọ kò kó onílé sí ní yàrá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń tì sẹ́yìn lójoojúmọ́ nítorí ohun tí ó jẹ́ ní ohun méjì péré láti ṣe, kí ó máa fi í pamọ́ tàbí kí ó gbé e wọ̀, èkejì ni Ṣólàńkẹ́ sì ṣe.

Ó sọ lẹ́yìn náà pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lójú àlá ní àwọn ọjọ́ náà. Ohun tí ó ní a fi han òun ni pé bí àwọn ọmọ Áfíríkà, nílé àti lẹ́yìn odi, kò bá ṣọ̀kan, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́, ìtìjú tí wọ́n ń rí nítorí àwọ̀ ara wọn kò ní í kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ó ti kọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé máa ń sáré kọjá lórí àlá yìí bí ẹni pé ojú ń tì wọ́n. Ojú kò ti àwa. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́run rán òun níṣẹ́ ni yóò fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ tí kò mú owó wọlé.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ pẹ̀lú Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ ilẹ̀ Sàró, pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan mọ́. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, Ṣólàńkẹ́ sì di akọ̀wé àgbà. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá ṣa lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ jọ, yóò fún wa ní WASU. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ mọ ohun tí ó jọ: wàásù. Wọn kò jẹ́ kí ó lọ lásán, wọ́n fi sọ ìwé ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní ọdún 1926, ó sì wàásù ní tòótọ́. J. B. Danquah láti Gold Coast, tí òun náà ń kàwé ní University College, wà lára àwọn aṣáájú ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1927 Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣọ̀kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti kàwé gboyè agbẹjọ́rò, ó sì lè padà sí Èkó, kí ó ṣí ọ́fíìsì, kí ó kọ́lé, kí ó sì di ọlọ́lá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò padà.

Ìdí tí kò fi padà ni ilé. Ẹgbẹ́ ti wà, ìwé ìròyìn ti wà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù ní alẹ́ kò lè sun inú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1928 Marcus Garvey fi ilé kan ní West Kensington ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni ìwé ilé náà fi kù. Nígbà tí ó parí, Ṣólàńkẹ́ gbéra, ó padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1929 láti tọrọ owó ilé. Ọdún mẹ́ta ni ó lò lẹ́nu rẹ̀. Ó rin Sàró, ó rin Gold Coast, ó rin Nàìjíríà, ó ń bá àwọn ọba, àwọn oníṣòwò, àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú tí ó bá dé. Ẹ rántí pé ọdún tí owó ọjà já wálẹ̀ káàkiri ayé ni, tí kòkó àti epo pupa kò tà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń kùn pé ó pẹ́ jù, wọ́n ń béèrè ibi tí owó wà. Ọdún 1932 ni ó padà dé, pẹ̀lú nǹkan bí £1,500 àti aya tuntun tí ó pàdé lẹ́nu ìrìn-àjò náà, Ọpẹ́olú.

Ilé náà ṣí ní ọdún 1933, ní nọ́ńbà 62, Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọpẹ́olú ni ó sọ ọ́ di ilé. Orúkọ tí wọ́n fún un fi ipò rẹ̀ hàn: Màmá WASU ni gbogbo wọn ń pè é. Ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá dé ni ó wá ń ṣe ìyá fún ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Fáńtì, ọmọ Sàró àti ọmọ Ìgbò lábẹ́ òrùlé kan náà. Oúnjẹ tí a mọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣàìsàn rí ẹni bẹ̀ ẹ́ wò. Ìjíròrò wà ní ìrọ̀lẹ́, ìwé ìròyìn ilé wà lórí tábìlì, ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́ta a sì fọ̀nà han ẹni tí ó dé ní àná. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí ilé yẹn fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àwọn tí yóò bá a ríran fún oṣù díẹ̀, títí ojú tirẹ̀ yóò fi là. Ọmọ wa tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ kò ní ju èyí lọ tí ó nílò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Ìlọrin, wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ilé-Ifẹ̀. A kò gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn mọ̀ pé ọmọ náà wà ní ìlú, àwa tí a wà nílé ni a kò sì ránṣẹ́ sí wọn.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Aggrey House, nítorí àwọn òbí ni ó kàn jù. Bí Ṣólàńkẹ́ ti ń wá owó kiri, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn ń gbèrò ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi orúkọ Aggrey, olùkọ́ni ńlá ọmọ Gold Coast tí ó kú ní ọdún 1927, sọ ọ́. Ní ojú, ohun rere ni. Owó wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò mọ́ tónítóní, iná kò ní í kú. Ṣùgbọ́n WASU rí i pé ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń pète rẹ̀, àti pé ara ìdí tí ìjọba fi fẹ́ ilé náà ni kí ojú wọn lè tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rò àti ẹni tí wọ́n ń bá rìn, kí èrò òṣèlú kan má baà wọ̀ wọ́n lórí. Ṣólàńkẹ́ fárí gá. WASU dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti gbèjà ilé tiwọn, wọ́n tẹ ìwé pélébé, wọ́n kọ̀wé sí ilé, wọ́n sì rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má ṣe wọ ibẹ̀. Ilé ìjọba náà ṣí ní ọdún 1934 láìka gbogbo rẹ̀ sí.

Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó tẹ̀lé Ṣólàńkẹ́ nínú ìjà yìí. Àwọn kan láti Gold Coast fi WASU sílẹ̀. A sì lè gbà pé ọmọ tí òtútù ń pa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí a fi ní kí ó kọ ibùsùn gbígbóná. Àwa rò pé Ṣólàńkẹ́ rí i dáadáa nínú èyí tí ó ṣe kókó: ẹni tí ó bá ni ilé ni ó ni kọ́kọ́rọ́, ọmọ ogún ọdún tí ó sì ti mọ̀ pé etí wà lára ògiri kò ní í ronú bí òmìnira ti ń ronú. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, gbèsè há WASU lọ́rùn, ọ̀rọ̀ rọ̀ láàárín wọn àti ìjọba, ẹgbẹ́ náà sì gba ìrànwọ́ owó lọ́wọ́ àwọn kan náà tí ó bá jà. A kò sọ èyí láti fi ṣe é yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ti ṣe kápẹ́ńtà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí akápò ẹgbẹ́ rí mọ bí ó ti ń rí nígbà tí onílé bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 1938 ilé náà kó lọ sí ibi tí ó tóbi jù, ní South Villas, Camden Square. Aggrey House ni ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, ní ọdún 1940.

Ogun Hitler bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí Lọ́ńdọ̀nù, ilé WASU ṣì ń gba àlejò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, igbákejì Churchill nínú ìjọba ogun, wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀rọ̀, ó sì mú un dá wọn lójú pé òmìnira tí Churchill àti Roosevelt ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Ní oṣù kejì Churchill ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí Jámánì kó lẹ́rú ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbàgbé. Kwame Nkrumah, tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1945, di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Ohun mìíràn tí WASU kò yé béèrè ni pé kí yunifásítì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba yan ìgbìmọ̀ Elliot ní ọdún 1943 láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá bíi Ṣólàńkẹ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó jókòó nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni University College Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948 ní Ẹlẹ́yẹlé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ títí di ọdún 1962. Èyí ni pé oyè láti yunifásítì kan náà tí Ṣólàńkẹ́ lọ, ọmọ ilẹ̀ wa lè gbà á wàyí láìjẹ́ pé ó kan ilẹ̀kùn ìyá onílé kankan.

Ṣólàńkẹ́ kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní púpọ̀ nínú àwọn ọdún yìí. Láti 1944 sí 1948 ó tún wà lẹ́nu ìrìn-àjò, ó ń tọrọ owó ilé tuntun bí ó ti ṣe ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ó sì ti tó nǹkan bí ẹni ọgọ́ta ọdún. Ilé tuntun náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní Chelsea, létí odò Thames. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó padà bá kì í ṣe àwọn tí ó fi sílẹ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, èrò àwọn kọ́múníìsì ti wọ̀ wọ́n lára, wọn kò sì fẹ́ kí bàbá arúgbó kan máa ṣe akọ̀wé àgbà fún wọn títí ayé. Òun náà kò rọrùn. Ó ti di ẹgbẹ́ náà mú bí ẹni di ọmọ tirẹ̀ mú, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tú ọwọ́. Wọ́n gba ìdarí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ilé Chelsea náà kò sì pẹ́ kí gbèsè tó pa á tì.

Ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti káwọ́ lérí, Ṣólàńkẹ́ tún gba ilé, ó sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí i. Kò ṣe agbẹjọ́rò tí ó lówó, kò kọ́ ilé ńlá sí Abẹ́òkúta. Ó rí òmìnira Ghana ní oṣù Kẹta ọdún 1957, lábẹ́ Nkrumah, ẹni tí ó ti bá wọn jókòó ní WASU. Kò rí ti Nàìjíríà. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Ní ọdún yẹn, University College Ìbàdàn pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń sùn ní Mellanby, ní Tedder, àti ní gbọ̀ngàn tí a fi orúkọ Ransome-Kuti sọ, olúkúlùkù lórí ibùsùn tirẹ̀.